Ìkòkò Ìyàwó Oǹdó

Aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Mo ṣì wà lórí ibùsùn nínú yàrá tí mo háyà ní Àkúrẹ́ nígbà tí mo gbọ́ tí omi ń já. Kì í ṣe òjò. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà dé àdúgbò wa ni, tí ẹnì kan ṣí sínú àgbá irin tó ṣófo, tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí omi náà kọ́kọ́ kan ìsàlẹ̀ àgbá, ó dún kíkankíkan. Bí àgbá ṣe ń kún, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀, ó ń nípọn, títí ó fi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀fun. Mo dìde jókòó, mo fọwọ́ kan ojú mi, mo rí i pé ó tutù. Kì í ṣe pé mo ń sunkún gan-an. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí ẹ̀yin òǹkàwé má baà rò pé nǹkan ń ṣe mí: ìdùnnú ni, àárò ni, ẹ̀rù sì ni, gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì mọ èyí tó ṣáájú nínú wọn.

Kò tíì pẹ́ tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọbìnrin ni mo ń kọ́ níwèé báyìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959 yìí, wọn yóò gbé mi níyàwó lọ sí Oǹdó. Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín nípa ìgbéyàwó náà, ó sì ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n kò ní yé yín bí n kò bá kọ́kọ́ mú yín lọ sí odò Aláriwo, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1950, nígbà tí mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú ńlá tí ẹ kò mọ̀ ju omi ẹ̀rọ lọ, ẹ fọkàn bá mi rìn. Ní àárín oṣù Kẹjọ, òjò a máa dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó tún padà wá. Oòrùn a ràn, ṣùgbọ́n kì í ta ènìyàn lára. Àsìkò yìí ni àwọn ìyàwó agbo-ilé wa máa ń lọ fọ ìkòkò. Kì í ṣe ìkòkò amọ̀ o. Àwọn kòtò tí omi gbẹ́ sínú àpáta lójú odò Aláriwo ni, ní apá Ipogun níbi tí oko àwọn baba wa wà. Omi tó ń yí po lójú kan láti ayébáyé ló gbẹ́ wọn, wọ́n rí roboto, inú wọn sì ń dán bí inú abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Òmíràn kò ju ibi tí ọmọdé kan lè ká ẹsẹ̀ jọ sí. Òmíràn a gba ènìyàn mẹ́fà.

Ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fẹ́ wọ agbo-ilé wa ló ní ìkòkò tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Òjò oṣù Kẹfà àti Keje a ti kó iyanrìn àti ewé jíjẹrà kún inú wọn. Olúkúlùkù a gbọ́n tirẹ̀, a fi èèpo àgbọn ha ara àpáta títí yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ a bọ́ sínú rẹ̀ láti wẹ̀. Ọmọ kì í wẹ̀ nínú ìkòkò tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin tó bá sì ti lọ sí ilé ọkọ kì í wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Bí a ṣe bá a nìyẹn.

Ìyá mi kò ní ìkòkò.

Bọ́lẹ̀kájà ló máa ń gbé wa kúrò ní Àkúrẹ́, àwa àti agbọ̀n ẹ̀kọ àti àgbàdo sísè. A ó sọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, a ó gba inú oko kòkó, a ó sì gbọ́ odò kí a tó rí i. Láti ibẹ̀ lọ kò sí ọ̀nà mọ́. Inú omi gan-an ni ọ̀nà. A ó wé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ nítorí òkúta tó ń yọ̀, a ó sì tò tẹ̀ lé ara wa lọ sókè odò. Yèyé, ìyá tó bí baba mi, ló máa ń wà níwájú, pẹ̀lú ọ̀pá tí ó fi ń gún omi bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn.

Mo ti rí ilé alájà mẹ́rin, mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sì ti rí òkun lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ bí odò yẹn. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ẹsẹ̀ mi fi máa ń tóbi sí i lójú mi. Àwọn igi ńláńlá na ọwọ́ sí ara wọn lókè, ìmọ́lẹ̀ sì ń jó wálẹ̀ láàárín wọn, ó ń kán sórí omi bí owó tuntun. Labalábá aláwọ̀ aró a fò dìde ní ọgọ́rọ̀ọ̀rùn bí a bá ti yọ sí wọn. Alákàn a gbé ọwọ́ sókè sí wa bí ẹni pé àwa ni a wọ ilé onílé, òótọ́ sì ni.

Ariwo náà a wá bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ a dà bí atẹ́gùn. Tó bá yá, a dà bí lọ́rì tó ń gun òkè. Lẹ́yìn náà, a kì í fi etí gbọ́ ọ mọ́; àyà la fi ń gbọ́ ọ. A ó yí igun kan, àpáta a sì dìde níwájú wa, ó ga bí ẹni pé wọ́n to ilé ìjọsìn mẹ́ta léra, omi funfun ń já bọ̀ láti orí rẹ̀ láìsinmi. Ìkúùkù omi a bo ojú wa. Òṣùmàrè kékeré kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí kúrò bí mo bá ṣí kúrò. Mo máa ń rò ó pé tèmi nìkan ni, títí Wùrà, ọmọ ẹ̀gbọ́n baba mi, fi sọ pé òun náà ní tirẹ̀. Bí mo bá dúró níbẹ̀, mo máa ń rí ara mi bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n kíkéré náà kì í dùn mí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wà nílé tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ tí kò yé e, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ omi jíjá yìí ni àwọn ìkòkò náà wà, tí wọ́n tò sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bí wọ́n bá ti fọ̀ wọ́n tán, àwọn ọmọ a bọ́ṣọ, wọ́n a fò sínú ti ìyá wọn, igbe ayọ̀ a gba ibẹ̀ kan. Èmi a jókòó sórí òkúta pẹlẹbẹ kan láti ṣọ́ aṣọ. Mo mọ aṣọ gbogbo ọmọ agbo-ilé wa. Mo mọ bọ́tìnnì tó já, mo mọ ẹni tó ń fi okùn ọ̀gbọ̀ so ṣòkòtò. Wùrà, tó mọ̀ pé ọmọ Oǹdó ni ìyá mi, ni kì í jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní, "Lọ wẹ̀ nínú ìkòkò ìyá rẹ. Ó wà ní Oǹdó, wọ́n ń fi se ọbẹ̀." Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a rẹ́rìn-ín, torí pé bí mo bá sunkún, ẹ̀rín náà kò ní tán bọ̀rọ̀.

Nítorí pé n kò ní ohun mìíràn láti wò, mo ń wo àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Wọ́n a fò wá tààrà, wọ́n a kọlu omi funfun tó ń já náà, wọn a sì wọ inú rẹ̀ lọ. Láìpẹ́, wọ́n a tún fò jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹ́ wọn gbẹ. Ọdọọdún ni mo ń wò wọ́n. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó bi mí.

Mo bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ kan ìdí tí kì í fi í bá wa lọ. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó ní, "Ta ló pè mí?" Ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu. Mo lọ bi Yèyé ìdí tí wọn kò fi fún ìyá mi ní ìkòkò. Yèyé wò mí pẹ́. Ó ní, "Ṣé ó béèrè ni?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro náà wà, ó sì pẹ́ kí ó tó yé mi. Ní agbo-ilé wa, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ béèrè ibi tirẹ̀ ní odò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un, ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ sọ. Yèyé gbà pé ìyàwó tí wọ́n bá fa lọ́wọ́ débẹ̀ yóò máa wò ó bí ibi tí wọ́n yá a, pé èyí tó bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè ni ọkàn rẹ̀ ti dé. Àwọn ìyàwó yòókù béèrè láàárín ọdún àkọ́kọ́, nítorí àyíká Àkúrẹ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré. Oǹdó ni ìyá mi ti wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí ilé ọkọ, ìyá tó bí i kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ la ẹnu béèrè ohunkóhun fún ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ọkọ, pé ohun tí wọ́n bá gbé fún un ni kí ó gbà. Nítorí náà ó ń dúró. Àwọn náà ń dúró. Ó rò pé wọ́n kà á sí àlejò. Wọ́n rò pé ó ń gbéra ga nítorí pé ó ní máṣíìnì ìránṣọ, ó sì ń wọ bàtà. Èmi tí mo gbọ́ ìdáhùn méjèèjì wà láàárín wọn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwa ọmọ pé ẹni tó bá tú àṣírí náà fún ìyàwó ti bà á jẹ́ fún un títí láé. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n bú gbàmù. N kò lè jẹun dáadáa ní oṣù Kẹjọ.

Ní ọdún 1950 yẹn, orúnkún Yèyé wú. Ó ní òun yóò lọ síbẹ̀síbẹ̀, pé ìgbẹ̀yìn òun nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, nítorí àgbà àwọn ìyàwó nìkan ló lè fi ìkòkò lé ènìyàn lọ́wọ́, Ìyá Wùrà ló sì kàn lẹ́yìn Yèyé. Ìyá Wùrà ti sọ ọ́ létí gbogbo ayé pé òun kò ní fún ẹni tó ń wọ bàtà nínú ilé. Bí kò bá ṣe ọdún yẹn, kò sí ọdún mìíràn mọ́ fún ìyá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń wá ẹni tí yóò di Yèyé mú. Àwọn ìyàwó yòókù ní ọmọ lẹ́yìn tàbí ẹrù lórí. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀, ó ní, "Yèyé, mo lè dì yín mú." Kò béèrè nǹkan kan. Ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ni, ìyẹn sì tọ̀nà nínú ẹ̀kọ́ ti ilé wọn.

Ó bọ́ bàtà lẹ́nu odò. Ìyá Wùrà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní òun kò tètè mọ̀ pé ó ní ìka. Wọ́n rìn lọ, Yèyé fi ara tì í. Nígbà tí a dé ibi àwọn ìkòkò, Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í pe wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Èyí ni ti Ìyá Wùrà, èyí ni tèmi." Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, Yèyé a dákẹ́ díẹ̀. Mo mọ ohun tí ìdákẹ́ náà wà fún. Ìyá mi kàn ń dáhùn pé, "Wọ́n dára, Yèyé." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èékánná mi tán.

Wọ́n fọ ìkòkò tán. Àwọn ọmọ bọ́ sómi. Mo jókòó sórí òkúta mi, mo kó aṣọ lé itan. Ìyá mi fi Yèyé jókòó sí ibi tó tẹ́jú, ó wá jókòó tì mí, ó sì bi mí pé kí ló dé tí n kò wẹ̀.

Mo wo Yèyé. Mo wo omi. Mo ní, "Mi ò ní ìkòkò."

Títí di òní, àwa ọmọ agbo-ilé náà ṣì ń jiyàn bóyá mo rú òfin tàbí n kò rú u. Ìyá mi wo àwọn ọmọ tó ń fò nínú omi, ó wo ìyá kọ̀ọ̀kan létí ìkòkò tirẹ̀, ó wo ara mi tó gbẹ. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ aṣọ láti etí. Ó dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Yèyé, ó sọ nǹkan kan. Yèyé fi ọwọ́ sí etí, ó ní kí ó tún un sọ. Ìyá mi gbé ohùn sókè ju ariwo omi lọ, gbogbo ènìyàn sì gbọ́:

"Yèyé, níbo ni ọmọ mi yóò ti wẹ̀?"

Wọ́n ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ béèrè fún ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò gbọdọ̀ béèrè fún ọmọ.

Èèpo àgbọn bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Wùrà, odò gbé e lọ. Yèyé gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìyá mi lórí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ yìí ni mo ti ń retí láti ọjọ́ tí o ti dé, ìyàwó."

Ìyá mi ní, "Èmi náà ń retí tiyín, Yèyé."

Wọ́n di ara wọn mú, èjìká àwọn méjèèjì sì ń mì. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, mo sì rò pé àwọn náà kò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ibi tí ìyàwó bá lọ jókòó sí, tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkòkò tó dára ti ní olúwa. Ìyá Wùrà fi kòtò kan han ìyá mi, ó ní ó tó adìyẹ wẹ̀. Ìyá mi wo àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń fò kọjá, ó yíjú sí mi, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé níbo ni àwọn ẹyẹ yẹn ń wọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ibi tí wọ́n ń gbà wọlé, ibi tí wọ́n ń gbà jáde, àti pé wọn kì í tutù.

Ìyá mi di ìró rẹ̀ le. Ó fọwọ́ tẹ̀ lé ara àpáta bó ṣe máa ń fọwọ́ tẹ̀ lé ojú rírán lára aṣọ, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ẹnu òkúta tóóró kan, títí ó fi dé ìdí omi jíjá. Omi náà sì gbé e mì.

Yèyé ń gbìyànjú láti dìde. Ìyá Wùrà ké pe orúkọ ìyá mi, orúkọ rẹ̀ gan-an tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì ti kó sómi dé orúnkún tọmọtọmọ kí wọ́n tó fà á padà. Ó dà bíi pé mo fẹnu ara mi rán ìyá mi lọ.

Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan yọ láàárín omi funfun náà. Ó gé omi sí méjì bí ìgbà tí àlùmọ́gàjí bá wọ aṣọ. Ó ń pè mí.

Mo sáré. N kò rántí ẹnu òkúta náà rárá. Ohun tí mo rántí ni pé omi gbá mi lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ariwo sì yí padà lójijì, ó di ohun tó wà lẹ́yìn mi. Mo la ojú. Yàrá kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. Ìkòkò ńlá kan wà nílẹ̀ rẹ̀, omi inú rẹ̀ dúró jẹ́jẹ́, ó ń tàn bí ewé tuntun tí oòrùn ràn gba inú rẹ̀. Ìtẹ́ àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kún òkè, àwọn ọmọ wọn la ẹnu sílẹ̀. Omi tó ń já náà di aṣọ títa lẹ́nu ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú aṣọ náà wọlé, ó ń mì lára ògiri, ó ń mì lójú ìyá mi. Ó ti jókòó sínú omi tìró-tìró, gèlè rẹ̀ ti ṣubú, ó ń wo òkè. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò bẹ̀rù, kò sì ní ohun tó ń rán. Mo bọ́ sínú omi náà, mo jókòó tì í.

Nígbà tí a jáde, Yèyé ṣe ohùn bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé. Ó ní, "Ó ti dé ulé." Láti ọjọ́ náà, Ìkòkò Ìyàwó Oǹdó ni wọ́n ń pè é. Wùrà ní kí n jẹ́ kí òun wọ ibẹ̀ wò. Mo ní kí ó lọ béèrè. Ó béèrè, ìyá mi sì ní kí ó wọlé. Àwọn obìnrin yíjú sí Yèyé nítorí òfin, ṣùgbọ́n Yèyé fi ọwọ́ sí etí, ó ní ariwo omi pọ̀, òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Yèyé ti kú. Ìyá Wùrà ni àgbà báyìí, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀ náà, ìyá mi ló bá a yàn án. Àwọn tó ń lọ fọ ìkòkò ń dín kù, nítorí ẹ̀rọ omi ti dé, iṣẹ́ ìjọba sì ti kó ọ̀pọ̀ lọ. Mo lọ ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, mo wẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ṣì ń wọlé, wọ́n ṣì ń jáde, wọn kò sì tutù. Omi náà kò mọ̀ pé mo ń dágbére, èyí sì tù mí nínú ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Bí mo bá lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní Oǹdó, ó máa ń fún mi ní àga kan ní pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn obìnrin ilé yòókù máa ń wà, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ìyá náà a wá sẹ́nu ọ̀nà, a wò mí pẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, a sì padà. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mo ti gbé inú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ó dojú kọ. Ó lè jẹ́ pé ó ń retí kí n dìde, kí n béèrè ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń wò bóyá mo ní ẹ̀kọ́ tó láti jókòó títí wọn yóò fi pè mí. Àfẹ́sọ́nà mi ní bí ìyá òun ṣe rí nìyẹn, pé kí n má da ara mi láàmú. Ìyá mi, tí òun gan-an béèrè, ní kí n jókòó.

Ìyá mi rí ọ̀nà gbà nítorí pé ó ní ọmọ tí ara rẹ̀ gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi kò ní ẹnì kan tí n ó tìtorí rẹ̀ béèrè, àfi ara mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí oṣù Kejìlá tó dé: ṣé kí n dìde ni, àbí kí n ṣì jókòó?